Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bá wáyà jà, tẹlifíṣọ̀n ló jẹ̀bi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, palẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí rárá. Àwòrán ń jáde, ó mọ́ kedere, àmọ́ dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Mo tẹ BORDER 2, èyí tó yẹ kó sọ etí àwòrán di pupa. Àwọ̀ eérú ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe sí i. Ihò eríálì tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà ọdún 1982 yìí fún. Àpótí irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní modulator, òun ló ń sọ àwòrán di ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà lórí ìkànnì 36. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní kò gba irú ìgbì yẹn mọ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó gba àwòrán náà kó tó wọnú modulator, a ó sì gbé e lọ tààrà síbi ihò tí à ń ki okùn sí. Iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan. Àṣìṣe inú rẹ̀ ló ń jẹ ọjọ́.

Tèmi àkọ́kọ́: mo so wáyà tuntun, n kò yọ ti àtijọ́. Modulator ṣì ń fà nínú àwòrán náà, ni gbogbo rẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ìlà wínníwínní ń rìn lórí rẹ̀. Mo yọ ọ́, ó tán. Èkejì ni kapásítọ̀ tí a fi ń dí iná tààrà tó máa ń bá àwòrán jáde. 10 µF tó wà nílé ni mo mú. Ìmọ́lẹ̀ àwòrán kò dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà míì gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sókè. Ẹnu ihò tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 75 ohm, kapásítọ̀ kékeré kò sì lè gbé ìyípadà tó lọ́ra gba ibẹ̀ kọjá láìbà á jẹ́. 220 µF ló mú un dúró. Ẹsẹ̀ pọ́sítífù rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí kọ̀ǹpútà o.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá kù. Mo pààrọ̀ okùn. Mo yí skúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kírísítálì 4.43 MHz, èyí tí àwọ̀ PAL (ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n) ń gbára lé, títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ní ọjọ́ keje, nítorí pé ó ti sú mi, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Pupa yòò! Ihò kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ fi ń gba okùn yẹ́lò, irú èyí tí mo lò, àti okùn gíríìnì ti àwòrán oníokùn-mẹ́ta. Ó rò pé oníokùn-mẹ́ta ni mo kì í, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà, kò wá àwọ̀ rárá. Mo yí i padà nínú mẹ́nù, ó parí. Ojú tì mí.

Báyìí o, kí n tó mú irin ìjó-lẹ́ẹ̀dì rárá, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì kan. Bí Spectrum bá dún "tíkí", kọ̀ǹpútà yẹn yè, láti ibi wáyà àwòrán títí dé tẹlifíṣọ̀n ni ìṣòro wà. Bó bá dákẹ́, wáyà àwòrán kọ́ ló kàn.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn, ZX81, ló wà lórí tábìlì mi lónìí. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, mo sì ti ń nawọ́ sí kapásítọ̀ kí n tó rántí pé èyí yàtọ̀. Lẹ́yìn àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí àwòrán dúró díẹ̀ lórí dúdú kí tẹlifíṣọ̀n lè mọ ibi tí dúdú wà. ULA (ṣíìpù tó ń ṣe àwòrán) ti àwọn ZX81 àkọ́kọ́, 2C184E, kì í dúró bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n á wá mú funfun ojú ìwé bíi dúdú. Mo ti tú ìdérí rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lórí ULA náà ni mo fẹ́ kà ná.