Ọdún Tí A Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kọ Ìdọ̀tí Sílẹ̀

Ọdún ti fẹ́ parí, oníkálùkù nínú ẹgbẹ́ wa sì ń sọ bí iṣẹ́ etí odò àti ti ọgbà ìgbafẹ́ ṣe lọ sí lójú tirẹ̀. Àwọn tó ní àwòrán ń fi àwòrán hàn. Èmi ò ní àwòrán kankan. Ìwé àkọsílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìwé yẹn fi yé mi ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ akọ̀wé ìdọ̀tí kì í ṣe ipò tí ẹnikẹ́ni ń dù. Bí ẹnì kan ṣe ń ṣa ike, tí òmíràn ń ti báró, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bírò lọ́wọ́, tí mò ń béèrè pé, “Ìdérí ìgò mélòó? Ọ̀rá ńkọ́?” Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ tiẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ máa san owó oṣù fún ìdọ̀tí ni.

Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀ o. Ní 1986, ní etíkun Texas ní Amẹ́ríkà, Linda Maraniss àti Kathy O'Hara kó èèyàn jọ láti ṣa ìdọ̀tí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn bá bà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ́tótó etíkun tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé lọ́dọọdún ti ṣẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìdí sìgá ló fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí ṣà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì rò pé òwú ni ìdí sìgá, pé yóò jẹrà bí ewé. Ike ni. Ike tí wọ́n ran bí òwú ni.

Nínú ìwé tiwa, àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá. Kí á tó máa kọ nǹkan sílẹ̀, àwọn tó ń wá gbafẹ́ la máa ń bú: àwọn ló ń jẹun tí wọ́n ń ju ọ̀rá sómi. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣà ní ìdí àga ọgbà yàtọ̀ sí ohun tí a ń ṣà lábẹ́ afárá. Abẹ́ afárá ni a ti ń rí okùn ike tí wọ́n fi ń di páálí, àti fóòmù tó ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ta ló ń gbé ìyẹn wá gbafẹ́? Ẹ̀yìn òjò ni wọ́n sì máa ń pọ̀ jù. Ojú títì ni wọ́n ti ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, omi òjò tó bá ti wọ gọ́tà kì í gba ibi ìfọ̀mọ́ kankan kọjá. Odò ló ń já sí tààrà.

Bí a ṣe pín ẹgbẹ́ sí méjì nìyẹn. Àwọn kan dúró sí etí odò, àwọn yòókù ń lọ gbá ẹnu gọ́tà tí òjò bá ti ń ṣú. Iṣẹ́ yìí kò wu èèyàn púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ń yàwòrán ara rẹ̀ níwájú gọ́tà tó mọ́. Lójú tèmi ṣá, wákàtí kan níbẹ̀ ju ọjọ́ kan gbáko lábẹ́ afárá lọ, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ìmọ́tótó ńlá, tèrò-tèrò, ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wá.

Odò Thames ní London ni mo máa ń fi dá àwọn tó ń bá mi jiyàn lóhùn. Ní 1957, àwọn onímọ̀ sọ pé odò náà ti kú nínú ìlú. Lónìí, irú ẹja tó wà nínú rẹ̀ ju 100 lọ. Ṣíṣa ìdọ̀tí nìkan kọ́ ló jí i. Wọ́n tún ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin ìlú mọ́ ṣe, kí ẹ̀gbin tó dé inú odò rárá.

“Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò.” A ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn títí. Ọdún yìí ni mo ráyè wo ohun tójú ẹni ìsàlẹ̀ ń rí tí ojú oró bá lékè. Níbi tí odò ti fẹ̀, tí omi ò sáré, ó bo ojú omi pátá. Oòrùn ò wọlé mọ́, atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi sì ń dín kù. Tó bá tún kú tó ń jẹrà, á gba èyí tó ṣẹ́ kù. Kíkó o kúrò kì í ṣe kékeré, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Tí a bá sì dà á sí bèbè, òjò á gbé e padà, àfi ká fà á jìnnà. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sí koríko lókè wà lára ohun tó ń bọ́ ọ, òjò ló ń ṣàn án wá. Gọ́tà náà ló tún ń gbà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni yíyí òkúta. A ó wọ ibi tí omi ò jìn, a ó gbé òkúta, a ó wo ohun tó rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìdin kòkòrò kan wà, ìrù mẹ́ta tín-ín-rín ló sábà máa ń ní. Tí omi bá ti ń bàjẹ́, òun wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ pòórá. Ìdin pupa kan wà tí kò bìkítà, inú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn ò tó ló ń gbé. Kí gọ́tà tó já wọ odò, onírù mẹ́ta pọ̀ lábẹ́ òkúta. Tí ẹ bá rìn díẹ̀ kọjá ẹnu gọ́tà, ìdin pupa nìkan lẹ ó bá, omi náà sì mọ́ gaara lójú. Àwọn ọmọdé ló mọ̀ wọ́n wá jù wá lọ, wọn ò kì í fẹ́ lọlé.

Ìjà tó le jù lọ́dún yìí, koríko ló fà á. Wọ́n máa ń gé koríko ọgbà mọ́lẹ̀ títí dé etí omi, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sì í jìn, bèbè ń ya. A bẹ àwọn alábòójútó kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ kó máa ga. Ọ̀rọ̀ dé: a ti sọ ọgbà di igbó, ejò ń bọ̀. Aládùúgbò mi kan ò kí mi mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó pẹ̀tù sí i ni pé a gé ẹ̀bá ọ̀nà tónítóní, kí ó hàn pé ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ dá èyí tó ga sí. Koríko ò yí padà, ẹnu rọlẹ̀.

Igi gbígbìn, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Bíbomi rin ín ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni mò ń wá èèyàn fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kó ewé gbígbẹ jọ mọ́ ara igi kékeré mọ́, ó ń mú kí èèpo rẹ̀ rà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká.

A ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó gọ́tà pé kí wọ́n fi àwọ̀n irin sí ẹnu rẹ̀. Wọn ò tíì fèsì. Ẹ̀rù wọn, bí a ṣe gbọ́, ni pé àwọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò bá kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ á dí, omi á sì ya wọ títì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí náà, lẹ́tà kejì, tó máa lọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, sọ pé àwa la ó máa kó o lẹ́yìn gbogbo òjò, orúkọ àwọn tó máa ṣe é sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó gba ìrọ̀lẹ́ ti pé. Àwọn tó lè jí ní ìdájí ló kù.