Imí eṣú ẹ̀gbẹ́ ògiri

Oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé ni mo ro láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí imí eṣú kan tí kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ, tó sì ti tanná. Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò lọ́ràá, ìyà ilẹ̀ nìkan sì tó láti mú èpò tanná ní kékeré, nítorí náà mi ò lè sọ pé àbímọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ọkàn mi lọ sí èpò kan ní ìpínlẹ̀ Western Australia, ní Ọsirélíà.

Radish inú igbẹ́ ni. Ó ń da àwọn tó ń gbin àlìkámà láàmú, ọ̀pọ̀ oògùn apakoríko ò sì ràn án mọ́. Làwọn àgbẹ̀ bá wá ọgbọ́n mìíràn: bí ẹ̀rọ ìkórè bá ti ń gé àlìkámà, á gé èpò mọ́ ọn, wọ́n á sì lọ hóró èpò náà kúnná kó má balẹ̀. Ray Harrington, tóun náà jẹ́ àgbẹ̀, ló ṣe ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n hóró gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí igi rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Èyí tó bá ti tètè gbó, tí èso rẹ̀ ti já bọ́, ọwọ́ ò tó o mọ́.

Kí àwọn olùwádìí lè mọ̀ bóyá èpò náà lè kọ́ bá a ṣe ń tètè gbó, wọ́n ń ṣa àwọn tó kọ́kọ́ tanná, wọ́n ń gbin ọmọ wọn. Ọjọ́ 59 ni èpò náà ń lò kó tó tanná níbẹ̀rẹ̀. Ní ìran karùn-ún, ó di ọjọ́ 29. Ìran márùn-ún péré! Wọ́n tún ṣa àwọn tó pẹ́ jù lọ́tọ̀, ìran mẹ́ta sì gbé àwọn yẹn dé ọjọ́ 114. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń yára yẹn kúrú, wọn ò sì sanra tó àwọn ìyá wọn, àmọ́ kíkúrú náà lè yọ wọ́n lọ́wọ́ abẹ ẹ̀rọ.

Èpò ò gbèrò nǹkan kan. Àwa là ń ṣà á. Ọjọ́ tí mo bá gbé ọkọ́ wá ni mo fi ń yan èyí tó máa bímọ. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń roko yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mi ò yẹ̀ ẹ́ rí. Àyè tí mo fi sílẹ̀ fún èyí tó bá lè so kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé nìyẹn.

Mo fa imí eṣú náà tu tòun ti gbòǹgbò, mo jù ú sínú ike. Ọjọ́ kẹwàá òní ni màá padà síbẹ̀.