Ẹ̀yìn Àwòrán Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú òwò àwòrán àtijọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yéé já nǹkan kúrò lẹ́yìn àwòrán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú yín fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ra wọ́tàkọ́lọ̀ kan, àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn, ní car boot, ọjà àlòkù kan, ní Kent, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti tún un ṣe o", ó ti já páálí ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ti jù ú nù, ó sì ti fi àwòrán náà sínú férémù tuntun tó ń dán gbinrin. Mo bi í pé kí ló wà lára páálí yẹn. Ó ní ìwé pélébé kan báyìí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ nǹkan sí i, òun ò tiẹ̀ ráyè kà á. Òun ò ráyè kà á! Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí nílùú London, àwòrán pẹ́ńsù, àwòrán íńkì, wọ́tàkọ́lọ̀, pàápàá tàwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ láàárín 1750 sí 1850, òun ni mò ń rà tí mò ń tà, òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ. N ò ní í máa kọ́ yín ní ABD. Ẹ ti mọ Turner, ẹ ti mọ Girtin, àwọn ọ̀gá wọ́tàkọ́lọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ̀ pé wọ́tàkọ́lọ̀ àti oòrùn kì í jọ gbélé. Nǹkan márùn-ún ni mo fẹ́ sọ, màá gbìyànjú kí n ṣe é ní ṣókí.

Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé gbàǹjo. Tí wọ́n bá kọ orúkọ ayàwòrán síbẹ̀ gbọnrangandan, tí wọn ò fi nǹkan kan ṣíwájú ẹ̀, wọ́n ń sọ pé lójú tiwọn òun ló yà á. Tó bá ti di "attributed to", ọkàn wọn ti ń ṣe iyèméjì. "Circle of" ni pé ẹnì kan tó sún mọ́ ọn láyé ìgbà yẹn ni, "manner of" ni pé ẹnì kan kàn sín in jẹ lẹ́yìn náà, "after" ni pé ẹ̀dà ni. Èyí tó ń jẹ owó ọ̀pọ̀ yín ni "bears signature". Wọn ò sọ pé ayàwòrán ló sáìnì o, wọ́n kàn ní nǹkan tó jọ orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Àmì BF tí Myles Birket Foster máa ń fi sísàlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà bí ilẹ̀ bí ẹní. Kẹ́ ẹ sì rántí pé iye tí òòlù bá lù, ìyẹn iye tí gbàǹjo bá parí sí, kọ́ lẹ máa san, ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ń gbé £25 lé £100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, VAT, owó orí ọjà, tún wà lórí ìyẹn.

Ìkejì, ẹ gbé bébà sókè síwájú ìmọ́lẹ̀. Bébà Whatman, tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá Maidstone ní Kent, wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn, láti 1794 sì ni àwọn oníbébà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọdún sínú ẹ̀, sára àmì (watermark) tó máa ń hàn tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú bébà kọjá, torí òfin owó orí kan tó jáde lọ́dún náà. Ọdún tẹ́ ẹ bá rí nínú bébà, àwòrán orí ẹ̀ ò lè dàgbà jù ú lọ. Ẹnì kan gbé àwòrán tó ní Girtin ló yà á wá bá mi rí, ó ti ń ṣírò owó ilé tó fẹ́ kọ́ sí Ìbàdàn, mo gbé e síwájú fèrèsé, J WHATMAN 1811 ló yọ sí mi. Girtin kú ní 1802, ọmọ ọdún 27 péré. Ṣùgbọ́n pé bébà ti gbó kò ní kí àwòrán jẹ́ òótọ́ o. Eric Hebborn, ọ̀gá àwọn onímàgòmágó, bébà àtijọ́ ló máa ń wá kiri kó tó yàwòrán sí i, ó sì tà á fún àwọn tó gbọ́n jù wá lọ. Tom Keating náà ń ya ayédèrú iṣẹ́ ayàwòrán Samuel Palmer, àfìgbà tí ìwé ìròyìn The Times tú u fó ní 1976.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwòrán, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí.

Ẹ gbọ́, iwájú àwòrán máa ń purọ́. John Varley, David Cox, Peter De Wint, gbogbo wọn ló ń ṣe tíṣà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ sì fi ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn ni pé kó da tọ̀gá ẹ̀ kọ. Ti John Sell Cotman tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀, ní Norwich ó ní àwòrán bíi 600 tó ń yá àwọn èèyàn, wọ́n á san owó, wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á dá a padà. Ẹ wá ro iye "Cotman" tó ti inú ìyẹn jáde. De Wint fẹ́rẹ̀ẹ́ má sáìnì nǹkan kan láyé ẹ̀. Nílé Dókítà Thomas Monro, tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán láti da àwòrán kọ fún un, ní Adelphi, níbí ní London, Girtin á fi pẹ́ńsù ya ìlà ẹ̀, Turner á kùn ún, àwọn méjèèjì ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún Farington, ayàwòrán tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀, ní 1798, títí dòní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fa ọ̀rọ̀ èwo ni tẹni. Torí náà tí iwájú bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ló máa sọ ọ́, orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, òǹtẹ̀ kékeré, nọ́ńbà gbàǹjo tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, lébẹ̀lì oní-férémù tó ní àdírẹ́sì. Frits Lugt, ará Netherlands, kó òǹtẹ̀ àwọn tó ń kó àwòrán jọ sínú ìwé ní 1921, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ẹ ò ní àwíjàre kankan.

Ojú mi ti rí nǹkan kí n tó máa pariwo báyìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ọ̀gá òyìnbó kan ni mo wà, n ò ní í dárúkọ ẹ̀, ó ti dolóògbé, àmọ́ inú mi ò tíì yọ́ sí i. Èmi ni mò ń wakọ̀, èmi ni mò ń di ẹrù, èmi ni mò ń gbé gíláàsì. Tí kọ́sítọ́mà bá wọlé, kóòtù tí wọ́n wọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ nà sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín, ẹni tó ń di ẹrù ló ń rí ẹ̀yìn àwòrán. Ọ̀gá ń wo iwájú lára ògiri, èmi tí mò ń dojú ẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀yìn ni mò ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá rí níbẹ̀ ni mò ń dà kọ sínú ìwé kan, títí dórí bí wọ́n ṣe tẹ lẹ́tà ẹ̀. Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí jókòó kọ́ mi.

Ìyá àgbà kan wá láti Norfolk, opó ni, ó gbé àwòrán kan wá kí ọ̀gá bá òun tà á. Igi méjì àti géètì kan létí odò, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú nìkan, kò ju ìwé tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà lọ. Kò sí sáìnì. Wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kan tó ti gbó tó ti pọ́n. Mo dojú ẹ̀ bolẹ̀. Lápá òsì lókè, òǹtẹ̀ róbótó kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ. Nísàlẹ̀, ẹnì kan fi íńkì kọ ìlà méjì, ó ní ọwọ́ John Joseph lòun ti rà á, ìyẹn ọmọ Cotman tóun náà jẹ́ ayàwòrán, ó sì kọ ọdún sí i. Orí mi wú.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó, ó kọ̀wé sí ilé gbàǹjo kan, wọ́n ní tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá rí bó ṣe wí, àwọn á kọ orúkọ Cotman sí i ní kíkún, £6,000 sí £8,000. Inú ìyá yẹn dùn, ó ní òrùlé ilé òun lòun fẹ́ fi tún ṣe. Ọ̀gá wá ní ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-férémù òun, kó fi páálí tuntun sí i, torí aásìdì inú páálí àtijọ́ yẹn ti ń jẹ bébà. Òótọ́ ni, ó ń jẹ ẹ́, etí ẹ̀ ti pọ́n yíká. Mo ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú bébà, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n dá páálí yẹn padà fún wa. Ó ní oní-férémù òun ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó ní owó àwọn yẹn ti pọ̀ jù. Ó ní kí n lọ tan mọ́tò.

Mo fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára bébà tí mo fi dì í, pé kí wọ́n má ju páálí ẹ̀yìn nù o, kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú àwòrán. Mo tún fẹnu sọ fún ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?

Nígbà tí mo padà lọ gbé e, ó ti wà nínú páálí funfun báláú, wọ́n gé ojú ẹ̀ dáadáa, ó mọ́ tónítóní. Mo yí i padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní páálí àtijọ́ ńkọ́? Ọkùnrin yẹn ní omi lòun rẹ ẹ́ sí kó tó tú, ó ti rà mọ́ òun lọ́wọ́, òun ti kó o dànù. Ó ní ọ̀rọ̀ pupa tí mo kọ yẹn, òun rò pé dírẹ́bà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo kọjá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo ṣí ike ìdọ̀tí, àfọ́kù gíláàsì àti àwọn ẹ̀ékù páálí tí wọ́n gé dagun ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mọ́tò káńsù ti wá kó ìyókù láàárọ̀. Mo ṣì fọwọ́ tú u. Gíláàsì gé mi níka.

Ṣé ẹ mọ nǹkan tí ọ̀gá sọ fún ìyá yẹn? Ó ní "my driver" ló ṣe é. Níṣojú mi o, mo ń di ẹrù lọ́wọ́ lẹ́yìn wọn. Ìyá yẹn wò mí látòkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Mo gbé ìwé mi jáde, mo fi han ẹni tó wá láti ilé gbàǹjo, ìlà méjèèjì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ yẹn pàápàá mo yà á síbẹ̀. Ó kà á, ó ní iṣẹ́ dáadáa lèyí, ó wá bèèrè pé ta ló ni ìwé náà. Ọ̀gá ní ti ọmọọṣẹ́ òun ni. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ohun tí dírẹ́bà fọwọ́ kọ, ta ló fẹ́ kà á sí ẹ̀rí. "Circle of John Sell Cotman" ni wọ́n tẹ̀ síwèé, £750 ni wọ́n lù ú, wọ́n sì yọ kọmíṣọ̀n tiwọn nínú ẹ̀.

Mo bínú títí. Mo ṣì ń bínú. Àwa Yorùbá, wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í bá ọ̀gá jiyàn, ọ̀pọ̀ yín ń gbé ẹ̀kọ́ ilé yẹn wọnú ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tí wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ ń dákẹ́, wọ́n ń fi ìdákẹ́ yín dá yín lẹ́bi. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí àgbà náà kí déètì wà lórí ẹ̀. Fóònù tí mi ò ní nígbà yẹn wà lápò yín. Kí àwòrán tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ ya ti ẹ̀yìn, ẹ ya ti etí, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Tí páálí bá ń ba bébà jẹ́, kí onítọ̀ọ́jú bébà yọ ọ́, kí ó gé apá tí wọ́n kọ nǹkan sí, kí ó fi sínú ọ̀rá Melinex, kí ó so ó mọ́ ẹ̀yìn férémù tuntun. Owó ẹ̀ ò lè tó £5,250 tí ìyá yẹn pàdánù láéláé. Àwọn kan á ní èmi ń fi ìbínú kọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ oní-férémù. Àwọn kọ́sítọ́mà ọ̀gá yẹn tó ṣì wà láyé, èmi ni wọ́n ń gbé àwòrán wá fún báyìí, mo sì máa ń dojú ẹ̀ bolẹ̀ kí n tó kí wọn tán.

Mo ní nǹkan márùn-ún, mẹ́ta ni mo rò pé mo ti sọ. Ó dáa, ìkẹrin, ojú ọ̀run tó pupa nínú wọ́tàkọ́lọ̀ Girtin, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ìgbà o, aró tó fi kùn ún ló ti ṣí, pupa tó pò mọ́ ọn ló kù. Ẹ gbé etí páálí iwájú tó yí àwòrán ká sókè díẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ẹ máa rí ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ìlà yẹn bá ṣe yàtọ̀ sí àárín tó ni kẹ́ ẹ ṣe gé owó tẹ́ ẹ máa san tó. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà jẹ́ kí iná orí ẹ̀ ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, ẹ̀yin ń gbé e kọ́ sójú fèrèsé.

Ìkarùn-ún, ẹ lọ wo ojúlówó. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò lówó. Paul Oppé, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun ló hú ayàwòrán Francis Towne jáde nígbà tí ayé ti gbàgbé ẹ̀, àkójọ Oppé tí ilé àwòrán Tate rà ní 1996 sì tó nǹkan bíi 3,000. Towne yìí máa ń kọ ibi tó ti yàwòrán, ọjọ́ tó yà á, ìgbà míì ibi tí oòrùn ti ń wá, sẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn tó yà ní Rome wà ní British Museum láti 1816. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n ti ń gbé irú ẹ̀ fún èèyàn wò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa gba àyè sílẹ̀ ṣíwájú ni. Ẹ mú pẹ́ńsù dání torí wọn kì í gba bírò láyè níbẹ̀, tí wọ́n bá gbé e síwájú yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè bóyá wọ́n lè bá yín yí i padà.