Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àyẹ̀wò èémí fún ọmọ tí inú ń run

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí ìtọ́jú ọmọdé, nínú àyẹ̀wò yìí, ọmọ á mu omi tí a po ṣúgà sí, a ó sì wọn gáàsì inú èémí rẹ̀. Gáàsì inú èémí nìkan kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ìfun kékeré kò gba lactose (ṣúgà inú mílíìkì) tàbí fructose (ṣúgà inú èso àti oyin) tán, ìyókù dé ìfun ńlá, kòkòrò ibẹ̀ sì sọ ọ́ di gáàsì. Bóyá òun ló ń fa inú rírun ọmọ náà, a ní láti wádìí ìyẹn lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó po fructose fún ọmọ kankan, ẹ bi ìyá rẹ̀: nígbà tó kọ́kọ́ tọ́ èso tàbí oyin wò, ṣé ó bì gan-an, ṣé ó làágùn, ṣé ó dákú? Ṣé kì í fẹ́ ohun dídùn rárá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un. Àwọn kan wà tí a bí láìní aldolase B, ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ fructose sí wẹ́wẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀dọ̀. Ìwọ̀n tí a fi ń ṣàyẹ̀wò lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ títí gìrì á fi mú wọn. Àyẹ̀wò jíìnì ló yẹ wọ́n. Ẹ béèrè, kódà bí ọmọ ti pé ọdún 15, torí ó lè jẹ́ pé sísá fún ohun dídùn ló gbé e débẹ̀.

Ibi ìmúrasílẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí ọmọ bá lo oògùn apakòkòrò láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ẹ sún ọjọ́ síwájú. Kòkòrò tó yẹ kó ṣe gáàsì lè ti dín kù. Ẹ dárúkọ Flagyl fún òbí, wọn lè má kà á kún un. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà, àlùbọ́sà, èso tàbí mílíìkì. Ìrẹsì funfun àti ẹja ti tó. Omi nìkan ni kó mu fún wákàtí 8 sí 12, kó sì fọ ẹnu kó tó fẹ́ èémí. Bí háídrójìn, gáàsì tí a ń wọn, nínú èémí àkọ́kọ́ kó tó mu ṣúgà bá ju 10 ppm (ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan) lọ tí kò sì wálẹ̀, ẹ má fún un ní ṣúgà lọ́jọ́ náà.

Lactose jẹ́ gíráàmù 1 fún kílò kan, fructose jẹ́ ìlàjì gíráàmù; èyíkéyìí kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ọmọ kílò 18 á mu lactose gíráàmù 18, tàbí fructose 9 lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ wọn èémí ní ìṣẹ́jú 30, 30, fún wákàtí 3. Kó má sáré, kó má sùn: eré ń fa háídrójìn wálẹ̀, oorun ń gbé e ga. Bó bá fi 20 ppm ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìfun kò gbà á tán. Bó bá gbéra láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, ẹ fura sí kòkòrò ẹnu tàbí ti ìfun kékeré. Ẹ wọn methane, gáàsì mìíràn tí kòkòrò ìfun ń ṣe, pẹ̀lú, torí háídrójìn àwọn ọmọ kan kì í gòkè.

Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ èémí, ẹ kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀: inú rírun, inú wíwú, inú kíkùn, ìgbẹ́ gbuuru. Bí gáàsì bá gòkè tí nǹkan kan kò ṣe ọmọ, ẹ má fòfin de mílíìkì. Lactose gíráàmù 25 tó ti inú ìlàjì lítà mílíìkì; ẹni tí ìyẹn dà láàmú lè mu ife kékeré láìsí wàhálà. Láàárín àwa Yorùbá, kí lactase, ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ lactose, dín kù lẹ́yìn ọdún 5 kì í ṣe tuntun. Ọmọ ọdún 2 ni kó kó wa láyà sókè: ẹ wá ohun tó ṣe ìfun rẹ̀ léṣe, bíi giardia, kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun.

Bí gáàsì àti inú rírun bá jọ wá, ẹ yọ ṣúgà yẹn kúrò nínú oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kí ẹ sì dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bí inú kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ẹ dá mílíìkì ọmọ padà fún un.