Hítà omi ilé onítáyà wa, láti Ọ̀wàrà dé Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀wàrà, Sátidé kejì

Láti oṣù Ògún ni kárávàànù, ilé kékeré tí mọ́tò ń fà, tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ti wà nínú ọgbà wa lójú ọ̀nà Ọ̀dà. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní ilé onítáyà, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ibùsùn rẹ̀ dára, sítóòfù ń jó, fèrèsé kan ṣoṣo ló sán. Omi gbígbóná nìkan ló kù.

Màámi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ pé bí Kérésì bá dé, kí a gbé ilé onítáyà lọ síbẹ̀, kí àwọn lè máa jí rí òkè bíi ti ìgbà èwe. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò tó kìlómítà 30, ṣùgbọ́n ọyẹ́ àárọ̀ ibẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ máa ń wọ eegun, làkúrègbé sì wà lórúnkún Màámi méjèèjì. Omi tútù kì í kan ara wọn mọ́. Èmi ò sì fẹ́ máa gbé ìkòkò omi híhó kọjá lórí wọn nínú yàrá tí kò fẹ̀ tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Hítà yìí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Lónìí mo rọ omi sínú táńkì ńlá, mo tan pọ́ǹpù, omi sì tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ méjèèjì, ti tútù àti ti gbígbóná. Bọ̀ọ̀dá rewáyà tó bá wa ṣe iná ilé wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ n fa wáyà kan láti inú ilé, ká tan hítà yìí wò." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró ná.

Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 120 fóòtì, 1440 wáàtì. Iná ilé wa, bó bá wá bó ṣe yẹ, 240 fóòtì ni. Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, nítorí náà mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò fún wọn lẹ́yìn páálí kan. Irin tó ń gbóná nínú hítà ń gba áńpù 12 lórí 120 fóòtì, óòmù 10 ni ìdènà rẹ̀. Bí a bá so irin yẹn kan náà mọ́ 240, áńpù 24 ni yóò fà, agbára rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin: wáàtì 5760. Bọ̀ọ̀dá wo páálí náà títí. "Ẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé sítẹ́pù-dáúnù la máa rà nìyẹn." Òun náà ni, ẹ̀rọ tó ń sọ 240 di 120. Ti 3000 wáàtì la fẹnu kò sí, kó má baà máa ṣe gbogbo agbára rẹ̀ nígbà gbogbo. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 hertz, tiwa 50, ṣùgbọ́n irin tó kàn ń gbóná kò bìkítà fún ìyẹn.

Ohun kejì wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn ilé onítáyà, níbi tí ìlẹ̀kùn kékeré hítà wà, fáàfù kan wà tó ní etí tí a lè fà sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru inú táńkì bá dé 99°C tàbí bí agbára omi bá dé 150 psi, kí táńkì má baà bẹ́. Mo fà á, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo gbá táńkì hítà, ó dún bí akèrègbè òfìfo.

A wá ibi tí omi ń gbà títí. Lábẹ́ ibùsùn la ti rí fáàfù mẹ́ta lẹ́yìn hítà: méjì wà ní títì, ti àárín wà ní ṣíṣí. Nígbà òtútù, bí omi bá dì yìnyín nínú táńkì, ó lè fà á ya, nítorí náà àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń da omi inú hítà nù, wọ́n á sì yí ọ̀nà omi padà kó máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná fi ń tú omi tí hítà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ká ní a ti tan iná sí irin náà nínú òfìfo, sítẹ́pù-dáúnù ì báà wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá fi jóná. Ẹnikẹ́ni tó bá ra irú ilé yìí ní tòkúnbọ̀, kí ó wá fáàfù mẹ́ta yẹn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọ̀wàrà, Sátidé kẹta

Mo fẹ́ wo inú táńkì kí n tó da omi sí i. Irú tiwa, irin ni táńkì rẹ̀, ó gba gálọ́ọ̀nù 6 ti Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi lítà 23. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti de ọ̀pá mágníṣíọ̀mù kan mọ́ ọn, orí ọ̀pá náà ló sì tún jẹ́ ìdérí ihò tí a ń gbà da omi nù. Àwọn hítà tí táńkì wọn jẹ́ alumíníọ̀mù kì í ní in.

Íǹṣì ni wọ́n fi wọn orí ọ̀pá náà: 1 1/16. Mílímítà nìkan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹkáníìkì àdúgbò wa. Mo fi 25.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 26.99. Mo ní kí wọ́n yá mi 27, ó sì wọ orí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Ó le. Páìpù la fi kún ọwọ́ sípánà kó tó ké, kó tó yí.

Ohun tó jáde bà mí nínú jẹ́. Ọ̀pá tó yẹ kó tó àtàǹpàkò ní títóbi ti di wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú kókó funfun díẹ̀ lára. Ọdún mélòó ni kò sẹ́ni tó bojú wò ó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ hítà dá lé lórí. Ẹ wo páànù òrùlé ní Àkúrẹ́. Irin ni, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Níwọ̀n ìgbà tí síńkì bá ṣì wà, òun ni òjò àti afẹ́fẹ́ yóò máa jẹ. Bó bá tán, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Mágníṣíọ̀mù nínú omi ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ó yá a lára ju irin lọ láti fi élẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà òun ni ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, táńkì á sì bọ́. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ bá ti jẹ tán, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Tiwa ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Omi ìsàlẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú táńkì pupa bí osùn. Mo ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò, mo sì fi omi kànga ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí tí àwọn èépá funfun fi dẹ́kun jíjáde, wọ́n dà bí èèpo ẹyin tí a tẹ̀ fọ́. Tọ́ọ̀ṣì fi hàn mí pé ara táńkì nínú kò tíì lu. Mo dúpẹ́.

Mo kọ̀wé sí àbúrò mi kó fi ọ̀pá tuntun rán ẹni tó ń bọ̀. Tiri-kọ́tà ni ẹnu ihò náà, 3/4 íǹṣì, tí gbogbo púlọ́mbà mọ̀ bí ẹní mowó. Mo ra ìdérí irin lásán l'Ọ́jà Ọba, mo fi dí i kí n lè máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ra fínígà funfun níbẹ̀ pẹ̀lú, mo pò ó mọ́ omi, mo fi kún táńkì sun ọjọ́ kejì. Èépá tó jáde láàárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀kúnwọ́ kan.

Bélú, ọ̀sẹ̀ kejì

Ọ̀rọ̀ gáàsì. Hítà yìí lè lo iná, ó lè lo gáàsì, gáàsì ló sì wúlò jù nítorí Ìdànrè. Ẹnu sílíńdà wa kò bá ti Amẹ́ríkà mu, Bọ̀ọ̀dá onígáàsì ló wá irin tó so wọ́n pọ̀, tó sì fi omi ọṣẹ wo gbogbo ojú ìsopọ̀ bóyá yóò hó. Kò hó.

Mo kọ́kọ́ rọ omi kún táńkì hítà. Iná tàn, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó sì ń gbọ̀n, èéfín sì ń dúdú sára irin. A pa á. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé ló ti mọ ilé sínú páìpù bọ́nà, ìtẹ́ mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn gbá wọn jáde. A tún tàn án: ó ti ń ṣe búlúù, síbẹ̀ kò lágbára.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi jù. Ìwé tó bá hítà wá sọ pé agbára gáàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 11 ti omi. Ohun tí ìyẹn ń sọ kò ju pé gáàsì náà lè ti omi sókè ní íǹṣì 11, bíi sẹ̀ǹtímítà 28, nínú rọ́bà. Mo rántí rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ̀ẹ̀lì. Mo yá ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U mọ́ pákó, mo da omi sí i, mo lẹ rúlà mọ́ ọn. Níta gbangba ni Bọ̀ọ̀dá onígáàsì ti so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ régúlétọ̀, tí ojú sítóòfù kan sì ń jó nínú ilé. Omi ẹ̀gbẹ́ kan lọ sílẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ kejì gòkè: sẹ̀ǹtímítà 21 ló wà láàárín wọn. Bọ̀ọ̀dá yí régúlétọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 28. Nígbà tí a tan hítà padà, iná náà dúró ṣánṣán, ó ń hó lóhùn kan, búlúù láti ìdí dé orí.

Mo gbé rọ́bà náà lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bélú, ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ọ̀pá dé! Mo fi tírẹ́ẹ̀dì tépù we é lẹ́ẹ̀mejì péré, mo dè é, mo sì fi mítà wò ó bóyá orí rẹ̀ àti ara táńkì ṣì ń fọwọ́ kan ara wọn, torí bí tépù bá yà wọ́n, ọ̀pá náà kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án. A yí fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná, mo sì dúró títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀ tí omi wá ń ṣàn láìtutọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó tan iná.

Omi wọlé ní 26°C. Pẹ̀lú gáàsì, ó dé 54°C ní ìṣẹ́jú 19, hítà sì pa ara rẹ̀. Nígbà tó tún tutù, a fi iná mànàmáná dán an wò lórí sítẹ́pù-dáúnù: ìṣẹ́jú 35. Ìṣirò mi sọ pé 31, ìyókù ni ooru tó sá gba ara táńkì lọ.

Fáàfù òkè bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó bí omi ṣe ń gbóná, ọkàn mi sì fò. Omi máa ń fẹ̀ bó bá gbóná, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lókè táńkì tí yóò gbà á láàyè. Tiwa ti kún dé ẹnu. Nígbà tí omi tutù, mo pa pọ́ǹpù, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, mo fa etí fáàfù náà sókè títí omi fi dẹ́kun ṣíṣàn lẹ́nu rẹ̀, mo sì dá a padà. Kò kán mọ́.

Ọ̀pẹ, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Ìdànrè

Ọyẹ́ bo orí òkè láàárọ̀ yìí débi pé a kò rí ṣóńṣó rẹ̀. Mo tan hítà ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Nítorí pé 54°C lè bó èèyàn lára, èmi fúnra mi ni mo pò ó mọ́ tútù nínú garawa, tí mo sì fi ìgúnpá wò ó kí Màámi tó wọlé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da omi sára. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ fún wa nílé àtijọ́.

"Àbẹ̀ní, omi yìí ṣì kù bí?"

"Ó kù, mà. Ẹ jẹ́ n pò ó sí i."

Ṣẹ́rẹ́, Sátidé àkọ́kọ́

A ti délé. Mo jẹ́ kí omi tutù, mo da á nù, mo sì tú ọ̀pá wò. Ara rẹ̀ ti ń ṣe gbúlúgbúlú níbi méjì, ìyókù ṣì dán. Mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dè é padà. Mo ti so páálí kékeré mọ́ ìlẹ̀kùn hítà, mo kọ "Ẹ wo ọ̀pá: Òkúdù" sí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 27 ni mo fẹ́ rà báyìí, mo ti dá ti mẹkáníìkì padà.