Kálukú Pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà Tirẹ̀: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé lọ́dún yìí, gúrúùpù WhatsApp àwa tá a ní kọ̀ǹpútà ló jẹ mí lógún jù.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo pín in sí mẹ́rin: HP, Dell, ThinkPad àti Mac. Àwọn kan fárígá, wọ́n ní ṣe ni mo ń tú agbo ká. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì gbà títí dòní. Tẹ́nì kan bá béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń wá kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á ní F2, èkejì á ní F10, ẹ̀kẹta á ní F1. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ: Dell ló ń lo F2, HP ló ni F10, F1 sì ni ti ThinkPad. Ẹni tó béèrè ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, tá á máa tẹ bọ́tìnnì kiri.

Ìyá kan tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ní Àgbowó kọ ọ́ sí gúrúùpù Dell pé kọ̀ǹpútà òun ń ṣiṣẹ́ tóun bá ki ṣájà bọ̀ ọ́, àmọ́ bátìrì ò gbaná. Wọ́n ti ní kó lọ ra bátìrì. Ọmọkùnrin kan ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹnu ṣájà náà wá. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín rẹ̀ ti wọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ni Dell fi ń dá ṣájà mọ̀. Tí kò bá ti dá a mọ̀, kò ní jẹ́ kí bátìrì gbaná. Ó ní, "Mummy, ẹ má ra bátìrì o, ṣájà ni kẹ́ ẹ pààrọ̀." Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i rí ló lè béèrè irú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹwàá ló wá le jù. Lọ́jọ́ 14 ni Microsoft ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí Windows 10, bẹ́ẹ̀ tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) ti Intel tó sì ń gbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìran kẹjọ. ThinkPad T470 àti T480 jọra bí ìbejì, síbẹ̀ T480 wọlé, T470 dúró síta. Ní ti HP, EliteBook 840 G5 wọlé, G3 ò wọlé. Àwọn tó ń lo G3 ló kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ìyẹn àfikún ààbò tí Microsoft ṣe fún Windows 10, tí ààbò rẹ̀ máa dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Àwọn mìíràn kó sínú Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè fi rọ́pò Windows. Inú mi dùn sí wọn gan-an.

Gúrúùpù Mac pa rọ́rọ́, àmọ́ mi ò ní tì í. Apple ti kéde pé macOS Tahoe, ẹ̀dà ètò tí Mac fi ń ṣiṣẹ́, ni ìkẹyìn fún Mac tó ń lo Intel. Ìbéèrè ń bọ̀.

Àwọn tó ní Acer ti ń béèrè tiwọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa, tó sì ní sùúrù àtidáhùn, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi kí oṣù kìíní tó parí.