Baba Fáìlì

Ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn, Baba Fáìlì ni wọ́n ń pe bàbá mi. Bàámi kì í ṣe dókítà, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n wà, láti 1979 títí di 2014. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó bá pé ọmọ ọdún 60, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ti Bàámi, ọdún kan náà ni méjèèjì dé. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á ní, “Ọwọ́ méjèèjì nìjọba fi tì mí jáde.”

Lọ́jọ́ kan ní 2021, wọ́n kí ìrun Sùbúhì tán, wọ́n ní kí Màámi jẹ́ kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí ògì tó jinná. Wọn ò jí mọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, a ti sin wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ṣì ní òbí láyé, ẹ ò sì tíì jókòó tì wọ́n kí ẹ jọ wo ìwé wọn. Èmi náà ò ṣe é. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní, “Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ẹni tó bá dé ọsibítù fún ìgbà àkọ́kọ́ á gba nọ́mbà kan, nọ́mbà yẹn náà ni wọ́n á sì máa fi wá fáìlì rẹ̀ nígbàkígbà tó bá padà wá. Èmi rò pé láti orí ọ̀kan lọ sókè ni wọ́n ń to fáìlì sórí pẹpẹ. Bàámi ní rárá. Nọ́mbà méjì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń tò ó. Gbogbo fáìlì tó bá parí sí 34 á wà lójú kan, bó ti wù kí iwájú wọn yàtọ̀ síra tó. Ìdí ni pé tí wọ́n bá tò ó tẹ̀léra, igun kan ṣoṣo ni fáìlì tuntun á kóra jọ sí, ibẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ á ti máa forí gbárí, ibi tó kù á máa gba eruku. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi. Ìdérí ìgò kóòkì ni wọ́n tò sórí ẹní fi kọ́ mi, wọ́n sì fi bíìrò kọ nọ́mbà sínú ìkọ̀ọ̀kan. Mo ṣì lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ẹní yẹn wà ní pálọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti dùn jù ni tí ìyá àgbà kan bá dé, tí káàdì rẹ̀ ti sọnù, tí kò sì rántí nọ́mbà kankan. Kí lorúkọ yín, Mà? “Ìyá Sikírà.” Kò sí Ìyá Sikírà nínú ìwé ìjọba kankan. Bàámi á fa àga, wọ́n á jókòó tì í. Orúkọ wo ni wọ́n sọ yín lọ́jọ́ kẹjọ? Agboolé wo ni wọ́n bí yín sí? Ìgbà tí ẹ wá kẹ́yìn, ṣé ó ṣáájú ọdún tí a dìbò fún Abíọ́lá ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀? Ìyẹn 1993. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́, torí ẹnu Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ya S kúrò lára Ṣ, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ lẹ́nu, bó ṣe gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́. Wọ́n lè lo gbogbo àárọ̀ lórí ìyá kan. Wọ́n ní tí dókítà ò bá rí ohun tí wọ́n ti ṣe fún aláìsàn tẹ́lẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé kò wá rí.

Nílé, ọmọ mẹ́rin ni wá, fáìlì mẹ́rin ló wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò, rìsíìtì owó ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ pátá. Lọ́jọ́ tí mo mú ọkọ mi wálé fún ìgbà àkọ́kọ́, kò tíì rí ibi jókòó tí Bàámi fi ní, “Káàbọ̀ o. Jẹ́nótáìpù ẹ ńkọ́?” Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu gbé mi mì. AS ni mí, wọ́n mọ̀, ó wà nínú fáìlì. Ìgbà tí ojú tì mí tán ni wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, “Àjọkẹ́, o ò tíì rí bí fáìlì ọmọ tó ní SS ṣe máa ń nípọn. Nígbà mìíràn, méjì la máa ń so pọ̀.” N ò bínú mọ́.

Ẹ̀yin náà á rò pé ìwé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ á ti wà létòlétò. Ìwé tiwa ló wà létòlétò.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ilé ni wọ́n kú sí. Kò sí dókítà tó kọ ohunkóhun, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn ṣe ní ká ṣe. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, a lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n ní ká mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, ti àjọ ìkànìyàn NPC. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tí dókítà máa ń kọ. Ti dókítà ń sọ ohun tó pa èèyàn. Ti àjọ náà ló fi hàn pé ìjọba ti kọ ikú ọ̀hún sílẹ̀. Ká tó rí i gbà, a padà lọ bá ìmáàmù tó kírun sí wọn lára fún lẹ́tà, a tún lọ búra ní kóòtù. Tó bá jẹ́ ilé ni èèyàn yín kú sí, ẹ gba lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ ìmáàmù tàbí pásítọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí déètì ọjọ́ ìsìnkú sì wà nínú ẹ̀. Ti wa, ìmáàmù ti rin ìrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró.

Èkejì ló pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún pa mí lẹ́kún. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ orúkọ Bàámi. Ní báńkì, i ló wà láàárín rẹ̀. Lórí káàdì ìdìbò, y ni. Nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti fi h kan há a láàárín. Baba Fáìlì! Ẹni tó fi ọdún 35 wá ìyá àwọn ẹlòmíràn láàárín S àti Ṣ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn ni ọ̀nà ti là. Ọkùnrin kan tí Bàámi kọ́ níṣẹ́ ló wá ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1979 rí, ọjọ́ méjì péré ló sì lò. Ìwé yẹn ni gbogbo ibi gbà gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn gan-an, lẹ́yìn tí a ti búra tí a sì ti gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀kẹta ni next of kin. Ní 2004 ni òfin dé pé kí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ máa dá owó ìfẹ̀yìntì, ní 2005 ni Bàámi kọ fọ́ọ̀mù tiwọn. Kékeré la wà, wọ́n kọ orúkọ àbúrò wọn ọkùnrin síbẹ̀. Àbúrò wọn náà kú ní 2012. Kò sẹ́ni tó rántí fọ́ọ̀mù. Ní báńkì tí wọ́n ń lò, orúkọ kan náà ni. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, next of kin gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀.” Àbúrò mi dáhùn pé, “Ṣé ká lọ hú wọn wá ni?” Mo fà á jáde kíá.

Lọ́ọ́yà tó bá wa ṣe é ló wá là wá lóye pé bí àbúrò Bàámi bá tiẹ̀ wà láàyè, owó náà ò ní di tiwọn. Ẹni tí wọ́n á pè tí nǹkan bá ṣe yín ni next of kin. Kì í ṣe ajogún. Bí olóògbé ò bá kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ni ìdílé á ti lọ gba Letters of Administration, ìyẹn àṣẹ láti kó ohun tó fi sílẹ̀ jọ kí wọ́n sì pín in. Oṣù 14 ló gbà wá. Láàárín ìgbà yẹn, Màámi ń ta aṣọ òfì tí wọ́n fi ṣèyàwó, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo bínú sí Bàámi fún ìyẹn. N ò ní purọ́ fún yín, mo bínú sí òkú, mo tún ń sunkún lórí ẹní ìkírun wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi “bí ẹ bá kú” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí èmi ṣe fún Màámi ni pé mo gbé fọ́ọ̀mù tèmi lọ bá wọn. Mo ní, “Màámi, ẹ bá mi wò ó, ta ni kí n kọ síbí?” A jiyàn lórí ìyẹn fún bíi wákàtí kan. Wọ́n ní kí n má kọ ẹni tó wà lókè òkun, ta ló fẹ́ máa dúró dè é? Òótọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fúnra wọn ló sọ pé tàwọn náà wà nínú àpótí o, àwọn ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. A fà á jáde. A fi orúkọ inú ìwé kọ̀ọ̀kan wé ara wọn, a kọ nọ́mbà àkáǹtì, a kọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti ẹni tí wọ́n jẹ. Ilẹ̀ kan wà ní Mọ́níyà tí èmi ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí.

Mo wá béèrè pé, “Káàdì UCH yín dà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èwo? Èyí tí mo sọ nù tí bàbá ẹ fi mọ̀ mí?” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ìtàn náà nìyẹn. Ní 1981, ọmọge ni wọ́n, wọ́n wá láìsí káàdì lọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan fa àga, ó jókòó tì wọ́n, ó ní orúkọ wo ni wọ́n sọ yín lọ́jọ́ kẹjọ, agboolé wo ni, ta ni bàbá yín, ìgbà wo lẹ máa tún wá.

“Abẹ́ apá rẹ̀ ni fáìlì mi wà ní gbogbo àsìkò yẹn,” Màámi wí. “Mo rí i. Mo ń wò ó.” Wọ́n wá pe nọ́mbà náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo káàdì kankan, wọ́n fa méjì tó gbẹ̀yìn gùn bí ẹni ń dárin: “Mẹ́ta, mẹ́rin.”